Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Káàdì

Èrò ẹlòmíràn ni obìnrin tí wọ́n ń pè ní Àǹtí Káàdì fi ń jẹun. Bí ilé iṣẹ́ wọn bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí fíìmù kan, wọn a kó igba ènìyàn jọ sí gbọ̀ngàn ìwòran ní ọ̀sán Sátidé, wọn a fi fíìmù náà hàn wọ́n lọ́fẹ̀ẹ́, wọn a sì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní káàdì àti pẹ́ńsù kí ó kọ ohun tó rò. Bó bá di àárọ̀ Mọ́ńdè, gbogbo káàdì náà ti wà lórí tábìlì rẹ̀ nínú àpótí bàtà. Á kà wọ́n, á pín wọn sí òkìtì mẹ́ta: Ẹ fi sílẹ̀, Ẹ gé e, Kò yé wa. Lẹ́yìn náà ni yóò kọ gbogbo rẹ̀ sórí ìwé kan ṣoṣo, nítorí àwọn ọ̀gá kò ní sùúrù láti ka méjì.

Òfin méjì ló wà nídìí iṣẹ́ náà, ó sì ti pa méjèèjì mọ́ fún ọdún mọ́kànlá. Àkọ́kọ́ ni pé ẹni tó ń ka káàdì kò gbọdọ̀ wo fíìmù, kí èrò tirẹ̀ má baà da tàwọn òǹwòran rú. Èkejì ni pé ohun tí ẹnì kan ṣoṣo bá sọ kì í ṣe èrò. Ó di ìgbà tí ènìyàn mẹ́ta bá sọ ọ́ kó tó lè wọ inú ìwé. Àwọn káàdì tó bá dá wà, ìsàlẹ̀ àpótí ni wọ́n ń lọ, wọn a sì bá àwọn yòókù wọ yàrá ìkẹ́rùsí.

Fíìmù tó wà nílẹ̀ lọ́dún yẹn, ti ẹbí kan ni: bàbá, ìyá, ọmọ méjì àti ọ̀bọ kan. Ọkọ̀ ojú omi wọn fọ́, wọ́n há sí erékùṣù, wọ́n ń wá ọ̀nà ilé. Ẹni bá ka káàdì wọn á rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọdún mẹ́jọ kan ní kí wọ́n fún ọ̀bọ náà lẹ́bùn, torí òun nìkan ló ní làákàyè nínú gbogbo wọn. Ìyá kan béèrè bí ìyàwó inú fíìmù ṣe lo ọjọ́ mẹ́sàn-án nínú igbó tí irun rẹ̀ kò tú. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n sọ orúkọ ìpara tó ń lò fún òun. Ọkùnrin kan kọ ọ́ pé bàbá inú fíìmù ń sọ̀rọ̀ jù. Ọwọ́ ìkọ̀wé mìíràn, tó jọ ti ìyàwó rẹ̀, wà lábẹ́ ibẹ̀: "Òun fúnra rẹ̀ ńkọ́?"

Ṣùgbọ́n ọ̀bọ kọ́ ni wọ́n fẹ́ràn jù. Ọkùnrin kan ni, tí kò lórúkọ, tí kò sì sọ gbólóhùn kan. Gẹ́gẹ́ bí àwọn káàdì ṣe wí, níbi tí ìjì ti ń jà ni ọkọ̀ kékeré kan ti yọ lẹ́yìn ẹbí náà lókèèrè. Ẹsẹ̀ ọkùnrin inú rẹ̀ yọ̀, ó já sómi, ó na apá sókè, ó rì, ó tún yọ. Orin ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi sí i. Nígbà ìfihàn àkọ́kọ́, káàdì mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ní ọkùnrin inú ọkọ̀ pa àwọn lẹ́rìn-ín. Àǹtí Káàdì kọ ọ́ sórí ìwé pé: "Ẹ fi sílẹ̀. Àwọn ọmọdé fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó pẹ́ sí i." Nígbà ìfihàn kejì, wọ́n di méjìdínlọ́gọ́ta. Ó tún kọ ọ́ pé kí wọ́n jẹ́ kó pẹ́ sí i.

Káàdì kan wà nínú ti àkọ́kọ́ tí kò bá àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Ẹni tó kọ ọ́ tẹ pẹ́ńsù mọ́lẹ̀ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lu sí ẹ̀yìn. "Ọkùnrin yẹn kò ṣeré. Mo ti rí ẹni tí omi ń gbé lọ rí." Àǹtí Káàdì kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹnì kan ṣoṣo ló sọ ọ́. Ó fi í sí ìsàlẹ̀ àpótí, ó sì mú òmíràn.

Kí n má purọ́, fíìmù yìí kò rọrùn fún un láti kà. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo, ti bá wọn ṣiṣẹ́ ní erékùṣù náà, òun fúnra rẹ̀ ló sì wáṣẹ́ ọ̀hún fún un. Atukọ̀ ni. Kì í ṣe òṣèré. Ọkọ̀ kékeré tó ń dúró nítòsí kí omi má baà ṣe àwọn òṣèré ní jàǹbá ni wọ́n gbà á sí. Oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn ni lẹ́tà dé láti ilé iṣẹ́. Ó ní ní ọjọ́ Sọ́ńdè, tí kò sí iṣẹ́, ọkùnrin náà mutí yó, ó ré bọ́ láti orí pákó èbúté, omi sì gbé e. Wọ́n ní àwọn bá ẹbí kẹ́dùn.

Ọ̀rọ̀ ọtí yẹn dun Màmá wọn ju ikú lọ. Ọmọ náà ti mutí rí, ó mu ún títí ìyàwó fi kó jáde nílé rẹ̀. Ìgbà tójú rẹ̀ wálẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mú, ó ní bí òun bá tún fi ọtí kan ẹnu, kó má pe òun lọ́mọ mọ́. Ọdún méjì àti oṣù mẹ́ta ni kò fi kan án. Ọjọ́ tí lẹ́tà dé, Màmá kọjú àwòrán rẹ̀ sí ògiri. Kò sunkún, kò sì dárúkọ rẹ̀. Bí àwọn ará àdúgbò bá fẹ́ bá a dárò, á ní kí wọ́n dákẹ́, pé òun kò bímọ ọkùnrin. Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ti Màmá, ikú àti ẹ̀sín ló jọ wọlé tọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kan náà.

Ní Mọ́ńdè lẹ́yìn ìfihàn kẹta, ife tíì dà sórí tábìlì Àǹtí Káàdì. Ó sáré kó àwọn káàdì, ó da ojú wọn délẹ̀ lójú fèrèsé kí wọ́n lè gbẹ. Ìgbà yẹn ló kọ́kọ́ rí ẹ̀yìn wọn. Àwọn ọmọdé tí ìwé kíkọ ti sú ti ya àwòrán sí i: ọ̀bọ, igi, ìjì. Ọkùnrin inú ọkọ̀ ló pọ̀ jù. Lára gbogbo àwọn tó yà á, yálà wọ́n ya orí rẹ̀ bí ẹyin ni o tàbí bí ìkòkò, kò sí ẹni tó gbàgbé fìlà rẹ̀. Fìlà aláwọ̀ ewé ni. Bọ́tìnnì pupa ńlá kan wà ní àtàrí rẹ̀.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ibi tí tíì ń kán sí. Màmá ló hun fìlà yẹn. Òwú tán mọ́ ọn lọ́wọ́ kó tó dé àtàrí, ó bá já bọ́tìnnì lára kóòtù rẹ̀ àtijọ́, ó fi dí ihò náà. Àbúrò rẹ̀ kì í bọ́ ọ, àfi bó bá fẹ́ sùn. Nígbà tí wọ́n kó ẹrù rẹ̀ dé láti erékùṣù, bàtà wà níbẹ̀, abẹ ìfárùngbọ̀n wà níbẹ̀, fìlà kò sí. Wọ́n ti wá a tì.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń ka iwájú káàdì, kò yí ẹ̀yìn wò rí.

Yàrá Bàbá Alábẹ wà ní ìsàlẹ̀ ilé. Òun ló ń gé fíìmù tó ń tò ó; ó ku oṣù mẹ́rin kó fẹ̀yìn tì, ojú rẹ̀ sì ti pọ́n nítorí iná ẹ̀rọ. Àǹtí Káàdì ní kó fi ọkùnrin inú ọkọ̀ han òun. Bàbá ní ṣé ó ti gbàgbé òfin ni. Ó wo ojú rẹ̀. Ó tan án.

Àbúrò rẹ̀ ni. Ọkọ̀ tó yẹ kó máa ṣọ́ àwọn òṣèré ló ṣìnà wọ ojú kámẹ́rà, ìgbì sì ń gbé e jù bí akèrègbè. Ó nà síwájú láti mú okùn kan, ó já sómi. Ó na apá sókè lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn òṣèré tó wà níwájú kọ ẹ̀yìn sí i, wọ́n ń ké fún ìjì tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe. Lẹ́yìn apá kẹta, omi nìkan ló kù.

Ó ní kí Bàbá dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀, sí ibi pátákó kékeré tí wọ́n ń kọ ọjọ́ sí kí kámẹ́rà tó ṣiṣẹ́. Bàbá dá a padà. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n kọ sí i, aago mẹ́wàá àárọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló wà láàárín rẹ̀ àti Sọ́ńdè inú lẹ́tà.

"Wọ́n ní ó lúwẹ̀ẹ́ jáde ni," Bàbá Alábẹ wí. "Mo bi wọ́n. Wọ́n ní ó jáde, pé ó ń fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín."

"Kí ló dé tí ẹ fi sílẹ̀, Bàbá?"

Bàbá pa iná ẹ̀rọ kó tó dáhùn. "Ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún ni mo fi sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, ó já sómi, ó na apá lẹ́ẹ̀kan, ó tán. Mi ò fi ìyókù sí i. Ìwé tìrẹ ló ní kó pẹ́ sí i, ọmọ mi. Lẹ́ẹ̀mejì. Mo fà á dé mẹ́rìnlá."

Àfọwọ́fà ni, ẹ̀yin ènìyàn mi. Òun ló wáṣẹ́ fún un, òun náà ló ní kí ikú rẹ̀ pẹ́ sí i nítorí àwọn ọmọdé fẹ́ràn rẹ̀. Ó wà nínú yàrá yẹn títí ọ̀sán fi rọ̀, Bàbá kò sì lé e.

Wàyí o, ìṣòro tó wà ńlẹ̀ rèé. Bó bá sọ̀rọ̀ lókè, wọn yóò gé apá yẹn kíákíá, ẹ̀rí kan ṣoṣo tó wà á sì bá a lọ. Bó bá dákẹ́, àwọn ọmọ káàkiri ayé á máa fi òkú àbúrò rẹ̀ dárayá. Méjèèjì kò sì tó ẹ̀kẹta: Màmá ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ó sì lè kú pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé ọmọ òun da òun. Ìfihàn kẹrin ń bọ̀ ní Sátidé. Ó pinnu pé Màmá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí i.

Ohun tó sọ fún Màmá ni pé ọmọ rẹ̀ wà nínú fíìmù kan, pé ó dé fìlà tó hun fún un, pé ọjọ́ iṣẹ́ ni, ojú rẹ̀ sì mọ́ kedere, kò mutí. Ìyókù kọ̀, kò jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó ní òun á sọ ọ́ nínú bọ́ọ̀sì. Nínú bọ́ọ̀sì, ó ní ó di orí àtẹ̀gùn. Nígbà tí wọ́n máa fi jókòó, wọ́n ti pa iná.

Màmá wọ bàtà tó fi ń lọ ibi pàtàkì. Ó jókòó sí àárín àwọn ọmọdé, ó na ọrùn, kò ka ẹbí náà tàbí ọ̀bọ wọn sí. Nígbà tí ìjì bẹ̀rẹ̀, fìlà ló kọ́kọ́ rí. Ó fọwọ́ kan ọmọbìnrin kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi nìyẹn."

Orin ẹ̀fẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin inú ọkọ̀ já sómi, gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Màmá náà rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín tọkàntọkàn, ó pàtẹ́wọ́, nítorí ọmọ náà ti máa ń dẹ́rìn-ín pa ilé láti kékeré, oṣù mẹ́jọ sì rèé tí kò rí i. Apá àkọ́kọ́ jáde, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín. Apá kejì jáde. Nígbà tí ọmọ náà wà ní ọdún méje, odò gbé e, Màmá fúnra rẹ̀ ló bẹ́ sómi tó fà á jáde. Báyìí gan-an ló ṣe nawọ́ lọ́jọ́ náà, tí ìka márààrún là. Apá kẹta jáde. Ẹ̀rín náà kò tètè kúrò lójú Màmá. Ó dúró síbẹ̀, kò mọ ibi tí yóò gbà lọ. Lẹ́yìn náà ni fíìmù padà sọ́dọ̀ ọ̀bọ.

Wọ́n jókòó títí ó fi parí. Wọ́n pín káàdì. Màmá kò mọ̀wé, ó na tirẹ̀ sí ọmọbìnrin rẹ̀.

"Kọ ọ́ pé ọmọ mi ni. Kọ ọ́ pé iṣẹ́ ló ń ṣe. Kò mutí."

Ó kọ ọ́. Màmá gba pẹ́ńsù, ó fa ìlà kan sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ láti fi ṣe orúkọ ara rẹ̀.

Nínú bọ́ọ̀sì, Màmá kò wo ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ délé ló ní:

"Èmi náà rẹ́rìn-ín."

"Ẹ ò mọ̀ ni, Màmá."

"Ìwọ mọ̀," Màmá wí.

Kò fi ìbínú sọ ọ́, ìyẹn ló sì burú níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n wọlé, ó lọ yí àwòrán ojú ògiri padà, ó fi etí ìró rẹ̀ nu eruku rẹ̀, ó jókòó tì í, ó sì sun ẹkún oṣù mẹ́jọ. Nígbà tó dákẹ́, ó ní kí Àǹtí Káàdì sọ fún wọn kí wọ́n gé e. Ó ní òun ti rí ọmọ òun, kí ẹnikẹ́ni má fi í rẹ́rìn-ín mọ́. Àǹtí Káàdì ní bí wọ́n bá gé e, kò ní sí ẹ̀rí. Màmá ní kó wá ẹ̀rí mìíràn, ṣebí òun ló kàwé.

Ní Mọ́ńdè, ó mú káàdì náà lọ bá Ọ̀gá ilé iṣẹ́, ẹni tó kéré sí i lọ́jọ́ orí. Àǹtí Káàdì ló kọ́ ọ níṣẹ́ nígbà tó dé. Ọ̀gá gba káàdì Màmá, ó kà á, ó sì dìde lọ ti ilẹ̀kùn. Ó sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní òun kò sí ní erékùṣù náà, ohun tí wọ́n sọ fún òun ni òun kọ sí lẹ́tà. Ó ní wọn yóò gé apá yẹn lónìí, kí ọkàn Màmá lè balẹ̀. Àǹtí Káàdì ní lẹ́tà náà ńkọ́, ta ni yóò gé ìyẹn?

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní òfin, Àǹtí," Ọ̀gá wí, ó sì dá káàdì náà padà fún un. "Ẹnì kan ṣoṣo ló sọ ọ́."

Kó tó di ọ̀sán, ọkùnrin méjì ti sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá Bàbá Alábẹ. Wọ́n gbé apá yẹn lọ, àti pátákó ọjọ́ rẹ̀, wọn kò sì fi ẹ̀dà kankan sílẹ̀. Wọ́n fún Àǹtí Káàdì ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì pẹ̀lú owó oṣù. Ó dúpẹ́, kò lò ó, ó sì padà sídìí tábìlì rẹ̀.

Àṣà wọn ni pé àwọn tó ti wo fíìmù tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń pè padà síbi ìfihàn ìkẹyìn, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó ti dára sí i. Àwọn káàdì ìkẹyìn dé ní Mọ́ńdè tó tẹ̀lé e. Wọ́n ṣì fẹ́ràn ọ̀bọ. Bàbá inú fíìmù ṣì ń sọ̀rọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ènìyàn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló béèrè ohun kan náà, àwọn mìíràn fi lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà kọ ọ́: Níbo ni ọkùnrin inú ọkọ̀ wà?

Ìbéèrè ẹni mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n gbọ́dọ̀ wọ ìwé, òfin ni. Ìdáhùn rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ ní ẹni mẹ́ta. Àǹtí Káàdì lọ sí yàrá ìkẹ́rùsí, ó wá àpótí àkọ́kọ́, ó mú káàdì tí wọ́n tẹ pẹ́ńsù mọ́ jáde. Ó tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Màmá. Méjì. Òun kò lè ṣe ẹ̀kẹta, nítorí ẹni tó ń ka káàdì kò ní èrò. Ó jókòó, ó ń wo méjèèjì.

Bí ọ̀sán ti ń lọ, Bàbá Alábẹ gun àtẹ̀gùn wá. Ogún ọdún ni ó ti ń ṣiṣẹ́ nílé yẹn, kò gòkè dé ibẹ̀ rí. Ó fi káàdì kan sórí tábìlì, ó sì yí padà, ó ń mí hẹlẹ. "Ọjọ́bọ̀ ni," ni ohun tó wà nínú rẹ̀. "Mo rí pátákó rẹ̀. Ẹni tó bá ń mutí kò lè na ọwọ́ mú okùn bẹ́ẹ̀." Ó kọ orúkọ rẹ̀ sí i ní kíkún, ó tún kọ nọ́ńbà iṣẹ́ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀.

Ìwé ìkẹyìn kì í dúró lọ́dọ̀ Ọ̀gá. Ogójì gbọ̀ngàn ìwòran ni wọ́n ń fi í ránṣẹ́ sí, kí àwọn tó ni wọ́n lè pinnu bóyá wọn yóò gba fíìmù náà. Ọ̀gá kì í sì í kà á. Láti ọdún mẹ́ta, iye àwọn tó fẹ́ràn fíìmù, tó máa ń wà lókè pátápátá, ló ń wò, á sì fọwọ́ sí ìsàlẹ̀, torí ó mọ̀ pé iṣẹ́ Àǹtí Káàdì kì í lábùkù.

Ó kọ ọ́ bó ṣe ń kọ gbogbo ìwé rẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé tó mọ́. Ó kọ ti ọ̀bọ, ó kọ ti irun ìyá. Ó wá kọ ọ́ sábẹ́ Kò yé wa pé: "Níbo ni ọkùnrin inú ọkọ̀ wà? Ènìyàn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n." Ó mú àwòrán mọ́kànlá láti ẹ̀yìn káàdì àwọn ọmọdé, ó ṣe ẹ̀dà wọn fún ogójì ìwé náà, àwòrán mọ́kànlá pẹ̀lú fìlà kan náà. Ó gbé e lọ fún Ọ̀gá, ẹni tó ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ọ̀gá wo òkè ìwé, ó rí i pé iye náà dára, ó mi orí, ó fọwọ́ sí i.

Àǹtí Káàdì fi ìwé náà ránṣẹ́ kó tó di aago mẹ́rin. Lẹ́yìn náà, ó kó ife tíì rẹ̀ àti àwòrán àbúrò rẹ̀ tó wà lórí tábìlì sínú àpò, nítorí ó mọ̀ pé òun kò ní padà wá sídìí tábìlì yẹn mọ́. Ohun tó wà lábẹ́ ìbéèrè náà rèé, níbi tó máa ń kọ ìdáhùn sí:

"Ó ti kú. Ẹnu iṣẹ́ ló kú sí, ní Ọjọ́bọ̀, níwájú kámẹ́rà wa. Kò mutí. Ènìyàn mẹ́ta ló sọ bẹ́ẹ̀."